Àlàó, nípa ọ̀rọ̀ Armstrong tá a jọ fà lánàá

Àlàó ọmọ mi,

Mo gbọ́ fọ́ìsì nóòtì ẹ, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbọ́ ọ. O ní kí n yé bá Lance Armstrong wí, ará Amẹ́ríkà tó ń fi kẹ̀kẹ́ díje yẹn, pé gbogbo wọn ló ń lo oògùn amúnilágbára nígbà yẹn, pé ta ló fẹ́ fi ẹ̀bà lásán gun kẹ̀kẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lórí òkè ilẹ̀ Faransé. Mo rẹ́rìn-ín o, àmọ́ n ò sùn dáadáa, torí ìwọ náà ti ń gun kẹ̀kẹ́ fún yunifásítì yín báyìí.

EPO tó ń gún yẹn, oògùn tó ń mú kí ara ṣe ẹ̀jẹ̀ sí i, èmi mọ̀ ọ́n. Inú fíríìjì wọ́ọ̀dù wa ló ń wà, abẹ́rẹ́ kékeré báyìí, àwọn tí kídìnrín wọn ti dáṣẹ́ sílẹ̀ tẹ́jẹ̀ wọn sì ń gbẹ la ń gún un fún. Màmá kan wà tó jẹ́ pé ìyàwó ọmọ wọn ló máa ń tú etí ìró kówó abẹ́rẹ́ kan tó pé, tá a bá ti gún un fún wọn bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan, màmá á fẹsẹ̀ ara wọn gun àtẹ̀gùn, wọ́n á dúró lókè wọ́n á máa juwọ́ sí mi. Ohun tó ń gbé màmá yẹn dé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ni Armstrong fi ń gun Alps. Tẹ́ni tára ẹ̀ le bá sì ń gún un, ẹ̀jẹ̀ á ki bí ògì tí wọn ò bomi là, ọkàn á wá máa làágùn láti tì í kiri.

Mo mọ̀ pé jẹjẹrẹ mú un lọ́dún 1996 ó sì yè é, ó wá gba Tour de France, ìdíje kẹ̀kẹ́ ilẹ̀ Faransé yẹn, lẹ́ẹ̀meje léraléra, 1999 sí 2005. Èmi náà so róbà yẹ́lò Livestrong yẹn, ti àjọ tó dá sílẹ̀ fáwọn tí jẹjẹrẹ mú, mọ́wọ́ nígbà tí ara àǹtí ẹ ò yá, n ò kábàámọ̀ ẹ̀. Ó ń fọ́nnu pé wọ́n yẹ òun wò títí wọn ò rí nǹkan kan. Kí ni wọ́n fẹ́ rí, nígbà tí tẹ́ẹ̀sì EPO gan-an ò tíì sí ní 1999? Àwọn 11 tí wọ́n jọ wà ní tíìmù ló padà jẹ́rìí fún USADA, àjọ tó ń gbógun ti lílo oògùn nínú eré ìdárayá ní Amẹ́ríkà, wọ́n gba gbogbo méje yẹn lọ́wọ́ ẹ̀ ní 2012.

Ó dáa, ká ní gbogbo wọn ló ń lò ó lóòótọ́. Emma O'Reilly ńkọ́? Obìnrin Ireland tó ń ṣe masáàjì fún wọn, tó sọ pé ìwé dókítà tí wọ́n fi bo àyẹ̀wò kan mọ́lẹ̀ ní 1999, èyí tó bá oògùn míì tí kì í ṣe EPO lára Armstrong, irọ́ ni, wọ́n kàn fi ọjọ́ ẹ̀yìn sí i ni. Armstrong bà á lórúkọ jẹ́, ó tún gbé e lọ kóòtù. Nígbà tí Oprah wá bi í ní January 2013, ó ní àwọn pe èèyàn lẹ́jọ́ tó bẹ́ẹ̀ tóun ò fi mọ̀, àfàìmọ̀ káwọn má ti pe tiẹ̀ náà. Kò rántí! Mo kàn pa tẹlifíṣọ̀n ni.

Páúdà tí ọ̀rẹ́ ẹ ní jíìmù fún ẹ, ya fọ́tò ẹ̀yìn ike ẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lálẹ́ yìí kí n kà á. Tó o bá ti ṣí i, ṣáà yà á, n ò ní pariwo.

Èmi ni, Mọ́mì ẹ