Kì í ṣe làpálàpá o, aago ọwọ́ mi ni

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé lẹ́tà yìí jáde, torí mo mọ̀ pé èmi nìkan kọ́ ni kinní yìí ń ṣe ní Abuja. Ọmọ mi ọkùnrin ló ra smartwatch fún mi ní February, ó ní kí n máa fi ka iye ẹsẹ̀ tí mo bá gbé lójúmọ́ torí ẹ̀jẹ̀ ríru mi, inú mi dùn débi pé mi ò kí ń bọ́ ọ mọ́, mò ń fi sùn, mò ń fi wẹ̀, mò ń fi ṣe àlùwàlá ẹ̀ẹ̀márùn-ún lójúmọ́. Ẹ̀yin náà ẹ ṣáà mọ ooru Kubwa láàárín March sí April, kí wọ́n tún wá mú iná lọ. Nígbà tó máa tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ọrùn ọwọ́ òsì mi bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi, mo họ ọ́ họ ọ́, ó pọ́n, ó wá rí wóróworo bí ẹni pé iyanrìn wà lábẹ́ awọ, tó bá di alẹ́ á máa ṣomi.

Oníkẹ́míìsì àdúgbò wa ò tiẹ̀ wo ọwọ́ ọ̀hún dáadáa, ó ní làpálàpá ni, ó ju kíríìmù sí mi, èyí tí gbogbo wa mọ̀ yẹn, tí wọ́n po oògùn mẹ́ta pọ̀ sínú ẹ̀. Mo fi pa á, ó rọlẹ̀, mo dá aago padà sọ́wọ́, ó tún dé. Báyìí la ṣe bá a yí fóṣù kan gbáko, títí awọ ibẹ̀ fi fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà. Ìyá alákàrà ẹnu géètì wa ní ẹnì kan ló bọ̀ mí lọ́wọ́ tó fi nǹkan sí i. Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ ká sòótọ́, mi ò bọ ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ fún ọjọ́ méjì.

Dókítà awọ tí mo padà lọ rí, aago ló kọ́kọ́ ní kí n bọ́. Ó yí i padà, ó wo irin tí wọ́n fi ń de okùn ẹ̀, ó wo ọwọ́ mi, ó ní, "Màmá, ẹ wò ó, ibi tí irin yìí jókòó sí gan-an ló bàjẹ́ jù." Ó wá bi mí pé ṣé yẹtí tí kì í ṣe wúrà máa ń dà mí láàmú. Háà! Láti kékeré ni! Tí n bá wọ èyí tí wọ́n ń tà ní pọ́ọ́kú, kílẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, etí á ti máa rùn. Ó ní nickel, irú irin kan tí wọ́n máa ń pò mọ́ irú yẹtí bẹ́ẹ̀ àti irin aago, ló ń fà á, tí ara èèyàn bá ti kọ̀ ọ́, ó kọ̀ ọ́ náà nìyẹn. Pípọ́n tó kù lábẹ́ rọ́bà, òógùn àti omi ọṣẹ tó há síbẹ̀ ni, torí pinpin ni mo máa ń dè é. Kíríìmù yẹn ńkọ́? Sítẹ́rọ́ọ̀dì inú ẹ̀, ìyẹn oògùn tó ń mú kí yíyún àti pípọ́n rọlẹ̀, ló mú awọ mi fẹ́lẹ́.

Ọmọ mi lọ kàwé sí i (ẹ̀rí ọkàn ń jẹ ẹ́), ó ní ní 2014 Fitbit, iléeṣẹ́ kan tó ń ṣe irú aago tó ń ka ẹsẹ̀ báyìí, kó kinní ọwọ́ wọn kan tó ń jẹ́ Force kúrò lọ́jà ní Amẹ́ríkà, bíi mílíọ̀nù kan, nítorí bíi 9,900 èèyàn ló fẹjọ́ sùn pé ó ba awọ àwọn jẹ́, pé Yúróòpù náà ti ṣòfin lórí nickel tó ń kan ara látọdún 1994. Ẹ wá bi ẹni tó ń ta aago lábẹ́ agbòòrùn ní Wuse pé kí ni wọ́n fi ṣe irin ìdí ẹ̀, á ní, "Hajia, original ni."

Ẹ̀yin tó ń ṣe, ẹ kọ́kọ́ bọ́ aago yẹn fún bí ọ̀sẹ̀ méjì ná, kẹ́ ẹ tó ra kíríìmù kankan. Èmi ti pààrọ̀ okùn tèmi sí aláṣọ tí kò nírin, mo máa ń bọ́ ọ tí n bá fẹ́ ṣe àlùwàlá, mo máa ń nu ọwọ́ gbẹ kí n tó dá a padà, lálẹ́ orí tábìlì ló ń sùn. Yíyún ti lọ, àmọ́ àpá irin yẹn, onígun mẹ́rin, ṣì wà lọ́wọ́ tí mo fi di bébà yìí mú.

Èmi òǹkàwé yín,
Kubwa, Abuja.