Bí iná bá lọ lójijì, kí ló ń ṣẹlẹ̀ nínú páìpù amóníà?

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn, ẹ sì kú àfaradà. Ọdún 31 ni mo fi ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ amúǹkantutù tó ń lo gáàsì amóníà. Apá Àpápá ni mo ti bẹ̀rẹ̀, ilé-iṣẹ́ ọtí kan ni mo sì ti fẹ̀yìn tì. N kì í kọ̀wé sí ìwé ìròyìn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí kò jẹ́ kí n sùn dáadáa láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Wẹ́sìdé kan ní àdúgbò wa ní Agége, mo ń fọ ẹnu lọ́wọ́ nígbà tí òórùn náà gbá mi nímú. Ẹni tó bá ti bá amóníà gbé rí kì í ṣi òórùn rẹ̀ mọ̀. Ó dà bí ìtọ̀ tó ti pẹ́ nílẹ̀, àmọ́ ó ń ta ojú bí ata. Mo sáré jáde. Ilé-iṣẹ́ kan tó ń tọ́jú ẹja àti adìyẹ dídì ló fara ti ògiri ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan níbẹ̀, àwọn tíṣà sì ti ń kó àwọn ọmọ jáde. Wọ́n káre pé wọ́n tètè jáde. Ṣùgbọ́n ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lọ gan-an ni wọ́n ń darí àwọn ọmọ náà sí, gáàsì sì ń tọ̀ wọ́n lẹ́yìn. Èmi àti ọlọ́kadà kan la bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo pé kí wọ́n yà sápá mọ́ṣáláṣí, kí wọ́n kúrò lójú afẹ́fẹ́. Ọlọ́run yọ wá, ó mọ lórí ikọ́ àti omijé.

Nígbà tó rọlẹ̀, mo lọ sẹ́nu géètì wọn. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ṣọ́ ẹ̀rọ jáde sí mi, táwẹ́ẹ̀lì tútù lọ́rùn rẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n bí iná. Mo ní, "Ọmọ mi, kí ló dé?" Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Bàbá, NEPA ló mú iná lọ o."

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó sọ, torí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi wà. Nínú kóòdù rúùmù, yìnyín máa ń bo kọ́ìlì, ìyẹn páìpù wíwọ́ tó ń mú ilé náà tutù. Kí yìnyín yẹn lè yọ́, a máa ń dá amóníà tútù dúró, a ó wá rán amóníà gbígbóná láti ara kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀, ẹ̀rọ tó ń fún gáàsì pọ̀, sínú kọ́ìlì náà. Tó bá ti yọ́ tán, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tú gáàsì gbígbóná yẹn sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kí a tó ṣí ọ̀nà fún èyí tó tutù. Ẹnikẹ́ni kì í kánjú níbẹ̀. Àárín ìgbà tí gáàsì gbígbóná wà nínú kọ́ìlì ni iná lọ lọ́jọ́ náà. Ó tó ogún ìṣẹ́jú kí wọ́n tó rí jẹnẹrétọ̀ tàn. Nígbà tí iná dé, pánẹ́ẹ̀lì pupa rẹ́súrẹ́sú, aago ìkìlọ̀ ń han. Ọmọ náà ṣe ohun tí wọ́n kọ́ ọ: ó tẹ bọ́tìnnì tó ń pa ìkìlọ̀ rẹ́, ó sì tan ẹ̀rọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ kò rántí pé ohun gbígbóná ṣì wà nínú kọ́ìlì. Ó ṣí ọ̀nà fún ìtútù. Ọmọ náà ní páìpù orí òrùlé dún gbì! bí ìgbà tí wọ́n fi òòlù ńlá lù ú, gásíkẹ́ẹ̀tì ojú oríkèé kan sì fẹ́ jáde.

Ẹni tó bá ti pa ẹ̀rọ omi dé wàràwàrà rí, tó gbọ́ bí páìpù ṣe dún nínú ògiri, ti gbọ́ àbúrò ohun tí mò ń wí. Nínú páìpù amóníà ó le jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Bí gáàsì gbígbóná bá pàdé èyí tó tutù, wéré ló máa di omi. Ààyè á ṣófo níbi tó wà tẹ́lẹ̀, omi amóníà á sì ya wọ ibẹ̀ bíi tírélà tí bíréèkì rẹ̀ já. Ohunkóhun tó bá pàdé lọ́nà, yálà ojú ìdè tí wẹ́dà jó tàbí ìdérí ẹnu páìpù, òun ló máa gbà á sára.

Ẹ̀rù bà mí torí pé mo ti mọ ìtàn yẹn tẹ́lẹ̀. Ní ọjọ́ 23, oṣù kẹjọ, ọdún 2010, ó ṣẹlẹ̀ ní Theodore, ní ìpínlẹ̀ Alabama ní Amẹ́ríkà, ní ilé-iṣẹ́ Millard Refrigerated Services, níbi tí wọ́n ti ń kó adìyẹ dídì sínú ọkọ̀ òkun. Iná ti lọ lọ́jọ́ tó ṣáájú, ó lé ní wákàtí 7 kó tó dé. Níbi tí wọ́n ti ń dá ẹ̀rọ padà sípò, òṣìṣẹ́ kan pa ìkìlọ̀ rẹ́, ó sì tún ẹ̀rọ tó ń darí iṣẹ́ tàn láti ìbẹ̀rẹ̀, nígbà tí kọ́ìlì kan ṣì ń yọ́ yìnyín lọ́wọ́. Páìpù tó fẹ̀ tó ínǹṣì 12 ya lórí òrùlé. Amóníà tó tú jáde lé ní tọ́ọ̀nù 14. Ó gba orí omi kọjá lọ bá àwọn òṣìṣẹ́ tó lé ní 800 tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ìmọ́tótó nítorí epo rọ̀bì tó dà sókun láti ibi ẹ̀rọ awapo Deepwater Horizon lọ́dún yẹn, wọn kò sì mọ nǹkan kan nípa adìyẹ dídì. Èèyàn 152 tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ náà ló ní àwọn fara gbá a. 32 nínú wọn dèrò ilé ìwòsàn, mẹ́rin sì wọ yàrá àwọn tí àìsàn wọn le jù. Ó lé ní wákàtí mẹ́rin kí wọ́n tó rí i dá dúró, torí dípò kí wọ́n pa gbogbo ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan náà, ńṣe ni wọ́n ń wá ibi tó ti ń jò kiri nígbà tí ẹ̀rọ ṣì ń ṣiṣẹ́. CSB, àjọ tó ń ṣèwádìí ìjàǹbá kẹ́míkà lọ́hùn-ún, gbé gbogbo rẹ̀ síta ní 2015 fún ẹni tó bá fẹ́ kà á.

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn Theodore, ní ọjọ́ 31, oṣù kẹjọ, ọdún 2013, ó tún ṣẹlẹ̀ ní Shanghai ní orílẹ̀-èdè Ṣáínà. Gáàsì gbígbóná tí wọ́n fi ń yọ́ yìnyín ló dá irú ìkọlù kan náà sílẹ̀ nínú páìpù. Ìdérí kan tí wọ́n jó láìdáa fò kúrò, èèyàn 15 sì kú.

Olóòtú, Theodore kò bá iná tó ń lọ tó ń bọ̀ lójoojúmọ́ gbé. Ẹ̀ẹ̀kan ni iná lọ, ó sì dà báyẹn. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹ̀ẹ̀mélòó ni iná ń lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan? Gbogbo ìgbà tó bá ti lọ tí kọ́ìlì ń yọ́ yìnyín lọ́wọ́, ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Theodore ti dúró sẹ́nu ọ̀nà wa.

Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún kò ju kí wọ́n jókòó lọ. Níbi tí mo ti fẹ̀yìn tì, a ní ìpàdé kan tí a ń pè ní ìpàdé "tó bá wá ṣe báyìí ńkọ́?" A ó tẹ́ àwòrán gbogbo páìpù sórí tábìlì, a ó máa fọwọ́ tọ́ ọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí fáàfù yìí bá há ní ṣíṣí ńkọ́? Bí amóníà kò bá wá ńkọ́? Bó bá wá ju bó ṣe yẹ lọ ńkọ́? Bó bá ń padà sẹ́yìn? Bí iná bá lọ nísinsìnyí? Bó bá dé padà? Àwọn ará ilé-iṣẹ́ kẹ́míkà ICI ní Bìrìtéènì ló to irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ ní àwọn ọdún 1960, wọ́n pè é ní HAZOP, ṣùgbọ́n àwọn baba wa ti sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni tó pè é bẹ́ẹ̀: òkèèrè ni olójú jíjìn ti ń mẹ́kún sun. Láti 1992 ni òfin Amẹ́ríkà ti sọ irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ di dandan fún ilé-iṣẹ́ tí amóníà rẹ̀ bá tó nǹkan bíi 4,500 kílò. Wọ́n gbọ́dọ̀ tún un yẹ̀ wò ní ọdún márùn-ún márùn-ún, ó kéré tán, ẹni tó mọ ẹ̀rọ yẹn gan-an látọwọ́ iṣẹ́ sì gbọ́dọ̀ wà lára àwọn tó jókòó.

Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ni mo fẹ́ràn jù nínú òfin náà. Lọ́dọ̀ tiwa, ọ̀gá àti àwọn oníwèé-ẹ̀rí nìkan ló máa ń jókòó, ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ òru a wà níta. Èmi ti rí èrè tó wà nínú kí irú ọmọ iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wọlé jókòó. Iṣẹ́ kan wà tó ti pa ọ̀pọ̀ èèyàn nídìí amóníà, òun ni dída ọ́ìlì kúrò nínú ẹ̀rọ. Ọ́ìlì kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ máa ń bá amóníà rìn, á sì rọ̀ sí ìsàlẹ̀ ìkòkò ẹ̀rọ torí ó wúwo jù ú. Ẹ ó rí ọmọ iṣẹ́ kan tó lóṣòó ti bọ́kẹ́ẹ̀tì, sípánà lọ́wọ́, tó ń ṣí fáàfù kékeré kan. Ọ́ìlì á máa kán dúdú, nípọn, pọ́tọ́pọ́tọ́. Bó bá ti tán, láìsọ fún ẹnikẹ́ni, amóníà á tẹ̀lé e, funfun bí èéfín. Ẹni náà á sáré, tí fáàfù á sì wà ní ṣíṣí. Nígbà ìpàdé wa kan, arákùnrin kan tó ń gbálẹ̀ lóru ló béèrè pé, "Ẹ̀yin ọ̀gá, bí ẹni tó ń da ọ́ìlì bá dákú ńkọ́?" Gbogbo yàrá pa rọ́rọ́. Kò tó oṣù kan lẹ́yìn rẹ̀ tí a fi fáàfù onísípíríìn sí gbogbo ibi tí a ti ń da ọ́ìlì: bí ọwọ́ bá ti kúrò lórí rẹ̀, ó ti pa ara rẹ̀ dé. Kò wọ́n. Kò sí ìwé ẹ̀rọ tó sọ fún wa, ẹni tó ń gbálẹ̀ ló sọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí mo gbọ́ lẹ́nu ọ̀gá ilé-iṣẹ́ àdúgbò wa lọ́jọ́ náà, mo sì fẹ́ kí àwọn òǹkàwé yín mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ní amóníà fúyẹ́ ju afẹ́fẹ́ lọ, pé sánmà ló máa gbà lọ. Òótọ́ ni tó bá ti gbóná. Ṣùgbọ́n tó bá tú jáde nínú páìpù pẹ̀lú ẹ̀kán omi rẹ̀, ó tutù kọjá ààlà (ìwọ̀n 33 nísàlẹ̀ òdo ni amóníà ti ń hó), ó sì máa ń rọ́ lọ nílẹ̀ bí ìkùukùu ọyẹ́, ní ìwọ̀n ìdúró ọmọ ilé ìwé. Omi ló sì ń wá kiri. Nínú ara èèyàn, ojú, ọ̀fun àti ẹ̀dọ̀fóró ló ti máa rí omi yẹn.

Ìwé ìpàdé lásán kò tó, mo mọ̀. Ní Fernie, ní Kánádà, wọ́n ti rí i pé ẹ̀rọ amúǹkantutù kan tó ń lo amóníà, tó sì ti gbó, ń jò nínú gbọ̀ngàn eré orí yìnyín. Wọ́n pa á nígbà tí eré kò sí, wọ́n sì tún tàn án nígbà tí eré dé. Òṣìṣẹ́ mẹ́ta ló kú níbẹ̀ ní ọjọ́ 17, oṣù kẹwàá, ọdún 2017. Nítorí náà, ìdáhùn kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní orúkọ ẹni tó máa ṣe é àti ọjọ́ tó máa parí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹnì kan sì padà wá bèèrè.

Nígbà tí mo tún padà sí ilé-iṣẹ́ yẹn, ìdáhùn tí mo rí gbà ni pé, "Bàbá, a ti pààrọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì." Mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n bọ́tìnnì yẹn ṣì wà lójú pánẹ́ẹ̀lì, kò sí ìwé kankan lára ògiri tó sọ ohun tí ọmọ iṣẹ́ gbọ́dọ̀ wò kó tó tẹ̀ ẹ́, NEPA sì ti mú iná lọ níṣojú mi kí n tó dé ẹnu géètì.

Mo ń bẹ àwọn aláṣẹ ètò àbò ìpínlẹ̀ Èkó àti àwọn tó ń yẹ ilé-iṣẹ́ wò fún ìjọba àpapọ̀: nígbà tí ẹ bá wọ kóòdù rúùmù, ẹ má béèrè ẹ̀rọ tí a fi ń paná nìkan. Ẹ béèrè ohun tí ẹ̀rọ ń ṣe bí iná bá lọ nígbà tí kọ́ìlì ń yọ́ yìnyín, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹni tó ń ṣọ́ ẹ̀rọ fẹnu ara rẹ̀ dáhùn. Ọ̀gá àgbà ilé ìwé yẹn ti gbà kí n so aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan mọ́ òpó àsíá wọn, kí àwọn tíṣà lè máa mọ ibi tí afẹ́fẹ́ kọ ojú sí. Ní ti ilé-iṣẹ́ náà, ọmọ tó ń ṣọ́ ẹ̀rọ ti gba nọ́ńbà mi. Bí ọ̀gá rẹ̀ bá lè pe ìpàdé kan ṣoṣo, tí wọ́n sì fi ọmọ náà jókòó sídìí tábìlì, èmi máa wá, n kò sì ní gba kọ́bọ̀.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Ẹlẹ́rọ amúǹkantutù tó ti fẹ̀yìn tì,
Agége, Èkó.