Bí Ẹ Bá Fẹ́ Ka Àwọn Tó Ń Ṣe Àṣà, Ẹ Má Bi Wọ́n Bóyá Wọ́n Lọ Wòran

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Ṣàṣà ni ìròyìn ọdún ìbílẹ̀ tí ẹ ó kà láti Ẹ̀pẹ́, Ìkòròdú tàbí Àgbádárìgì tí kò ní sọ pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún èrò ló tú yááyá jáde. A ò bá ẹnikẹ́ni jà, ṣùgbọ́n iye tí ẹnu pè kì í ṣe iye tí ojú kà. Pápá bọ́ọ̀lù ńlá gùn ní mítà 105, ó sì fẹ̀ ní mítà 68. Bí èrò bá tilẹ̀ fún mọ́ra débi pé ènìyàn 5 ń pín ààyè tó gùn ní mítà 2, tó fẹ̀ ní mítà 1, pápá náà kò lè gbà ju nǹkan bí 18,000 lọ. Ẹni tó bá pe 100,000 níbẹ̀, kó sọ ibi tó kó ìyókù sí. Ẹni tó wá lọ́jọ́ mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n kà á. Ẹni tó ń ta gúgúrú, wọ́n ka òun náà mọ́ ọn.

Nítorí náà, bí orílẹ̀-èdè yìí bá fẹ́ mọ bí aráàlú ṣe ń kópa nínú iṣẹ́ ọnà àti àṣà, ojúlé dé ojúlé ni kí wọ́n lọ ṣe ìwádìí. Ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀rọ̀ wa wà, nítorí ìwé ìbéèrè tí a bá yá lọ́wọ́ ìlú òyìnbó kò lè ka ará Ẹ̀pẹ́.

Láti ọdún 1982 ni àjọ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tó ń rí sí iṣẹ́ ọnà ti ń ṣe irú ìwádìí yìí pẹ̀lú àwọn aṣèkànìyàn wọn. Àgbàlagbà tó ti pé ọmọ ọdún 18 ni wọ́n ń bi. Láàárín oṣù 12 sẹ́yìn, ṣé ó lọ gbọ́ orin jáàsì? Orin kíláásíkà? Ọ́pẹ́rà? Ṣé ó lọ wo eré ìtàgé tó lórin, tàbí èyí tí kò lórin, tàbí ijó àwọn òyìnbó tí wọ́n ń pè ní bálẹ̀? Ṣé ó lọ sí ilé àkójọ iṣẹ́ ọnà? Nǹkan méje yẹn ni wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n, ó sì bá ilé wọn mu; àwọn fúnra wọn náà ń béèrè nípa ohun tí ènìyàn ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ gbé méje yẹn lọ bá ìyá tó ń kọ wákà níbi ìsọmọlórúkọ ní Òkè-Balógun, ní Ẹ̀pẹ́ níbí, tó ń kọ́ ọmọdébìnrin ní irun dídì, tó sì ń darí ijó nígbà ìgbéyàwó. "Rárá" méje ni yóò dá yín lóhùn, ìwé yóò sì wí pé kò sí iṣẹ́ ọnà nínú ayé rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tí a fi ń béèrè ló kọ́kọ́ ń ba nǹkan jẹ́. Ẹ bi bàbá kan ní Ẹ̀pẹ́ pé, "Ṣé ẹ kópa nínú ayẹyẹ ìbílẹ̀ lọ́dún yìí?" Ó ṣeé ṣe kó ní, "Rárá o, mùsùlùmí ni mí." Bẹ́ẹ̀, bàbá yìí kan náà ló da agbádá bora lọ sí Káyó-Káyó, ọdún tí wọ́n fi ń rántí bí Ọba Kòsọ́kọ́ àtàwọn èèyàn rẹ̀ ṣe dé Ẹ̀pẹ́ lẹ́yìn tí ọkọ̀ ogun òyìnbó lé wọn kúrò ní Èkó ní ìparí ọdún 1851. Kò parọ́. Bí a bá ti pe "ìbílẹ̀", ẹ̀sìn ìbílẹ̀ ni etí rẹ̀ gbọ́. Ẹ̀yin aṣèwádìí, ẹ má pe àṣà lórúkọ rárá, ẹ pe ohun tí ènìyàn ń ṣe. Ṣé ẹ jó níbi òde kankan? (Ẹ má ní "Ṣé oníjó ni yín?", ìyẹn ti di iṣẹ́.) Ṣé ẹ lu ìlù, ṣé ẹ kọrin tàbí ké ewì níwájú èrò? Ṣé ẹ hun nǹkan, ṣé ẹ gbẹ́ igi, ṣé ẹ pa aṣọ láró? Ṣé ẹ kọ́ ọmọ kankan ní ọ̀kan nínú wọn? Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ tó béèrè bóyá wọ́n lọ wòran. Ẹni tó ń fi ìlù jẹun, kí ibi tí wọ́n ti ń kọ tirẹ̀ yàtọ̀ sí ti ẹni tó kàn ń lù ú fún fàájì. Fíìmù àti orin orí fóònù, ojú ewé tirẹ̀ lọ́tọ̀. Bí ẹ bá dà á pọ̀ mọ́ ìyókù, gbogbo ìlú ni yóò di akópa.

Àkókò náà ní ẹ̀tàn tirẹ̀. Ọdún tó ń tẹ̀lé òṣùpá fi nǹkan bí ọjọ́ 11 kúrú ju ti kàlẹ́ńdà ara ògiri lọ, ẹ̀yìn Iléyá ni Káyó-Káyó sì máa ń bọ́ sí. Bí aṣèwádìí bá dé lọ́sẹ̀ kan lẹ́yìn Káyó-Káyó, tó ní kí wọ́n ka oṣù 12 sẹ́yìn, Káyó-Káyó méjì ló máa bọ́ sínú rẹ̀. Nígbà tó bá tún padà, tó dé ní oṣù mẹ́ta lẹ́yìn Káyó-Káyó, ẹyọ kan ni yóò bá, á wá kọ ọ́ pé àwọn èèyàn ti ń fi àṣà sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí Káyó-Káyó kọjá tó oṣù kan kí ẹ tó jáde. Ìnáwó tó ti lé lọ́dún kan ààbọ̀ náà sì máa ń jọ ti àná lójú ẹni tó gbádùn rẹ̀, nítorí náà ẹ fi ohun tí kò ṣeé gbàgbé há a mọ́lẹ̀: ṣé ṣáájú Iléyá èṣí ni, àbí lẹ́yìn rẹ̀?

Ta la ó wá bi? Agbo ilé kan lè ní ìdí àdògán mẹ́fà. Àwọn tó ń jẹ nínú ìkòkò kan náà ni kí ẹ kà sí ìdílé kan. Ẹ kọ orúkọ gbogbo àgbàlagbà tó ń jẹ nínú ìkòkò náà, láti orí ẹni tó dàgbà jù, ẹ fún wọn ní nọ́ńbà, kí ẹ sì fa nọ́ńbà kan yọ nínú fìlà. Ọgbọ́n ilẹ̀ òkèèrè pé kí á mú ẹni tí ọjọ́ ìbí rẹ̀ súnmọ́ jù kò ṣiṣẹ́ níbi tí àgbà ti ń sọ pé ọdún tí wọ́n la títì ni wọ́n bí òun. Bí ẹni tí nọ́ńbà mú kò bá sí nílé, ẹ padà lẹ́ẹ̀mẹta, ní àkókò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Apẹja tó na àwọ̀n mọ́jú ń sùn lọ́sàn-án. Ẹni tó ń ta ẹja lọ́jà Olúwo, ìrọ̀lẹ́ lẹ ó bá a. Èyí tó ń bà wá nínú jẹ́ jù ni kí aṣèwádìí fi aládùúgbò tó jókòó sí ẹnu ọ̀nà dípò. Ẹni tí a máa ń bá nílé ṣáá ni ẹni tí kì í jáde, òun la sì fẹ́ fi mọ àwọn tó ń jáde!

Ẹ má sì wọ aṣọ tí wọ́n kọ orúkọ ìjọba sí láyà. Wọ́n á rò pé ìrẹsì ìrànwọ́ ló dé, gbogbo ìdáhùn á sì di "bẹ́ẹ̀ ni, a máa ń ṣe é dáadáa."

Ẹni tó bá dáhùn pé òun kò kópa, ẹ bi í léèrè ìdí, kí "èèwọ̀" sì wà lára ìdáhùn tí ẹ kọ sílẹ̀. Obìnrin Ìkòròdú tó ti ilẹ̀kùn mọ́rí lọ́jọ́ Mágbó, ọdún orò tí obìnrin kò gbọ́dọ̀ jáde, kì í ṣe ẹni tí àṣà sú. Bí ìdáhùn tó wà kò bá ju "owó", "àyè" àti "kò wù mí" lọ, "kò wù mí" ni wọ́n máa fi obìnrin náà sí. Ní Àgbádárìgì, ẹ kọ ìbéèrè sílẹ̀ ní Ègùn kí ẹ tó kúrò nílé. Bí aṣèwádìí kọ̀ọ̀kan bá ń túmọ̀ ọ lójú ẹsẹ̀, ìbéèrè ogún lẹ ní lọ́wọ́ láìmọ̀.

Ti iye ènìyàn kò le. Ẹni 400 tí a fà yọ káàkiri ìlú láìṣojúsàájú, àṣìṣe rẹ̀ kì í sábà ju nǹkan bí 5 nínú 100 lọ sókè tàbí sísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá mú ẹni 20 ní òpópónà kọ̀ọ̀kan nínú òpópónà 20, àwọn ará òpópónà kan náà ló ń ra àǹkóò kan náà, tí wọ́n ń lọ sóde kan náà. Bí wọ́n bá tilẹ̀ jọra díẹ̀, ẹni 400 yẹn kò ju bí ẹni 200 lọ mọ́, àṣìṣe yóò súnmọ́ 7. Ẹ lọ sí òpópónà 40, ẹ mú ẹni 10-10, yóò padà sí nǹkan bí 6. Owó ọ̀kadà á pọ̀ sí i, ẹ san án. Ẹ má sì gbára lé àkọsílẹ̀ ìkànìyàn ọdún 2006, òun la ṣe kẹ́yìn, ilé tó ti hù lẹ́yìn rẹ̀ kò níye. Ẹsẹ̀ ni kí ẹ fi rìn, kí ẹ kọ ilé tuntun sílẹ̀.

Ohun kan kù tí wọn kì í sábà kíyè sí. Bí "bẹ́ẹ̀ ni" kọ̀ọ̀kan bá ń bí ìbéèrè mẹ́ta mìíràn lójú ẹsẹ̀ (ẹ̀ẹ̀melòó, níbo, èló lẹ ná), ìyá tí ọbẹ̀ wà lórí iná yóò ti mọ àrà rẹ̀ kó tó di ìbéèrè karùn-ún, "rárá" ni yóò máa dá yín lóhùn títí tí ẹ ó fi dìde. Ẹ kọ́kọ́ béèrè gbogbo ti "bẹ́ẹ̀ ni" àti "rárá" tán, kí ẹ tó padà sórí ẹ̀ẹ̀melòó.

Àwa olùkọ́ iṣẹ́ ọnà àti olùkọ́ ìṣirò kan,
Ẹ̀pẹ́, Ìpínlẹ̀ Èkó.