Q tí kò ní U lẹ́yìn: ìtumọ̀ rẹ̀ ńkọ́?

Ẹ̀yin olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú akitiyan. Mo rí àkójọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì alálẹ́tà márùn-ún tó ní Q nínú tí kò sì ní U, tí ẹ tẹ̀ sí ojú ewé ìdárayá yín. Mo fi àlùmọ́gàjí gé e. Nígbà tí mo rí i pé ọ̀rọ̀ nìkan ló wà níbẹ̀, mo yí bébà náà sẹ́yìn, mo ní bóyá ìtumọ̀ wọn wà lódìkejì. Ìpolówó bátìrì ọkọ̀ ni mo bá.

Olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Ọmọ ọmọ mi obìnrin ló kọ́ mi ní Scrabble, ayò tí wọ́n ti ń to lẹ́tà pọ̀ di ọ̀rọ̀ lórí pátákó, òun náà ló sì ń nà mí. Lóṣù tó kọjá, Q nìkan ló kù sí mi lọ́wọ́. U ni mo ń retí. Mẹ́rin péré ni U nínú lẹ́tà 100 tí wọ́n fi ń ta ayò náà, gbogbo wọn sì ti wà lójú pátákó. Bẹ́ẹ̀ ni I kan wà níbẹ̀ tí àyè ṣófo níwájú rẹ̀, mò ń wò ó, mi ò rí nǹkan kan níbẹ̀. Ọmọ náà fi lẹ́tà tó kẹ́yìn lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ayò parí. Mo ṣì fi máàkì 13 ṣíwájú. Àfi bí wọ́n ṣe yọ 10 tí Q ń jẹ́ kúrò nínú tèmi, tí wọ́n tún fi 10 kan náà kún tirẹ̀.

Ó ní, "Màmá, QI lẹ bá fi sílẹ̀."

Mo ní kí ló ń jẹ́ QI.

"Mi ò mọ̀ o. Ó ṣáà wà nínú ìwé."

Ìdáhùn yẹn dùn mí ju ayò tí mo pàdánù lọ. Mo wá a fúnra mi: agbára ìyè tó ń ṣàn nínú ara ni, gẹ́gẹ́ bí àwọn ará Ṣáínà ṣe gbà á gbọ́. Ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìtumọ̀ àkójọ yín náà, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Èdè Lárúbáwá ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ti wá. TALAQ ni kíkọ ìyàwó sílẹ̀ lábẹ́ òfin Ìsìláàmù. NIQAB ni ìbòjú tó jẹ́ pé ẹyinjú nìkan ló ń hàn. FAQIR ni ẹni tó ti kọ ohun ayé sílẹ̀, tó ń jẹ sàárà. Ní ti QIBLA, ìhà Mẹ́kà tí wọ́n ń kọjú sí kírun, ẹni tó bá ti kírun rí ti mọ̀ ọ́n, ì báà má ta ayò kankan láyé. Èdè Lárúbáwá ní K méjì, ọ̀kan bíi tiwa, èkejì láti ìsàlẹ̀ ọ̀fun. Èkejì yìí ni wọ́n ń fi Q kọ, kò sì bá U dá májẹ̀mú kankan. Gẹ̀ẹ́sì pàápàá kò fi QU bẹ̀rẹ̀: CWEN ni wọ́n ń kọ fún QUEEN, títí àwọn akọ̀wé Normandy, láti ilẹ̀ Faransé, fi kó àṣà tiwọn dé lẹ́yìn tí àwọn ará Normandy ṣẹ́gun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1066. Àwa ńkọ́? Nínú lẹ́tà 25 tí a fi ń kọ Yorùbá, Q kò sí níbẹ̀ rárá.

QANAT ló gba odindi ọ̀sán kan lọ́wọ́ mi. Ọ̀nà omi abẹ́ ilẹ̀ ni, tí àwọn ará Ìráànì ti ń gbẹ́ láti ayébáyé. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ láti ìdí òkè níbi tí omi wà, wọ́n á jẹ́ kí ó rọra dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ títí dé oko, láìsí ẹ̀rọ tó ń fà á, wọ́n á sì máa lu ihò bíi kànga sókè lójú ọ̀nà kí atẹ́gùn lè wọlé. UNESCO fi mọ́kànlá nínú wọn sínú àkójọ ogún àgbáyé ní 2016. Ta ni yóò ka èyí tán tí yóò gbàgbé bí wọ́n ṣe ń kọ QANAT?

(Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ QATAR kúrò nínú àkójọ yẹn. Orúkọ orílẹ̀-èdè ni, ayò náà kì í gbà á.)

Mo mọ ohun tí ẹ ó sọ: pé èèyàn lè borí láìmọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀. Nigel Richards, ọmọ New Zealand, gba ife-ẹ̀yẹ Scrabble èdè Faransé ní 2015, kò sì gbọ́ Faransé. Ó tún gba ti èdè Sípáníìṣì ní 2024. Òótọ́ ni. Àmọ́ orí Richards kọ́ ni mo gbé wáyé. Orí tèmi ń fẹ́ nǹkan tí yóò dì mú.

Tí ẹ bá fẹ́ tẹ àwọn ọ̀rọ̀ tí kò ní fáwẹ̀lì, ẹ bá wa kọ ọ́ pé CWM ni àfonífojì tó rí bí àwo kòtò, pé àwọn ará Wales ló ni ín, W sì ni fáwẹ̀lì lọ́dọ̀ tiwọn. Ẹ kọ ọ́ pé MYRRH ni òjíá. Ọmọ ọmọ mi ti ń gbọ́ wúrà, tùràrí àti òjíá láti kékeré, ó sì ti fi MYRRH gba máàkì lọ́wọ́ mi rí, kò mọ̀ pé nǹkan kan náà ni. Ó pariwo nígbà tí mo sọ fún un.

A ti wá ṣàdéhùn báyìí: ẹni tí kò bá mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ tó fi sílẹ̀ yóò kọ́kọ́ lọ wá a kí a tó kọ máàkì rẹ̀ sílẹ̀. Ní Sátidé tó kọjá ó fi QOPH sílẹ̀. Mo ní kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. "Lẹ́tà kọkàndínlógún nínú álífábẹ́ẹ̀tì Hébérù, Màmá." Máàkì 18. Ó tún nà mí.

Èmi ni tiyín,
Olùkọ́ fẹ̀yìntì kan