Nọ́ọ̀tì kì í ṣe kìlómítà

Sí Olóòtú,

Mo kí yín, mo kí gbogbo òṣìṣẹ́ yín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yín. Ọ̀rọ̀ mi dá lórí ìròyìn eré ìdárayá tí ẹ gbé jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá, èyí tí ẹ kọ nípa àwọn òyìnbó tó ń gun pátákó onígbòkun lórí omi, tí wọ́n ń wá ẹni tó yára jù láyé. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀ẹ̀kẹta, mo mú bírò.

Ẹ ní Antoine Albeau, ará Faransé, sá nọ́ọ̀tì 53, "ìyẹn kìlómítà 53 ní wákàtí kan". Rárá o. Nọ́ọ̀tì ni wọ́n fi ń wọn eré ojú omi; nọ́ọ̀tì kan jẹ́ kìlómítà 1.852 ní wákàtí kan. Nọ́ọ̀tì 53.27 tí ọkùnrin yẹn sá ní Lüderitz, lórílẹ̀-èdè Nàmíbíà, lọ́dún 2015, ó lé ní kìlómítà 98. Kìlómítà 53 tí ẹ kọ yẹn, ọkàdà tó gbé obìnrin méjì pẹ̀lú àpò gàrí kan á sá a láti Lágere dé Sábó, n'Ifẹ̀ wa níbí.

Mo lè fojú fo ìyẹn, àṣìṣe ọwọ́ ni. Èyí tí n kò lè fojú fò ni ìlà tó tẹ̀ lé e, níbi tí ẹ ti ní Björn Dunkerbeck gba ipò lọ́wọ́ Albeau ní 2021 nítorí pé ó sá kìlómítà 103.67. Níbẹ̀, ẹ gbàgbé 53 tí ẹ kọ lókè, ẹ tiẹ̀ bá wa yọ 98 kúrò nínú 103, ẹ ní márùn-ún ló fi jù ú lọ.

Olóòtú, ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi bá àwọn wọnlẹ̀wọnlẹ̀ ṣiṣẹ́. Èmi kọ́ ni mò ń wo inú ẹ̀rọ, èmi ni mò ń fa ṣéènì. Ṣéènì àtijọ́ yẹn, ẹsẹ̀ bàtà 66 ni, ojú ẹ̀wọ̀n 100 ló ní, ó sì máa ń gé ọwọ́ ẹni bí ọ̀bẹ tí òjò bá ti pa á. Lọ́dún 1974, a ń wọn oko kòkó kan lójú ọ̀nà Oǹdó. Òjò ṣú, gbogbo wa ń kánjú. Wọ́n ti kọ ebè iṣu sí ẹ̀gbẹ́ kòkó náà. Dípò kí n na ṣéènì náà kó gún régé lókè, mo jẹ́ kó sùn sílẹ̀: ó gun ebè, ó sọ̀ sínú poro, ó tún gun òmíràn. Nígbà tí wọ́n fi máa ri píílà, òpó ààlà ilẹ̀ yẹn, ẹsẹ̀ bàtà mélòó kan ti ṣìnà. Igi kòkó mẹ́ta ló bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kò ni ín. Ìdílé méjì fi igi mẹ́ta yẹn bá ara wọn ṣẹjọ́ títí àwọn àgbà tó bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ náà fi kú. Ọ̀gá mi kò bú mi. Ó kàn mú mi padà lọ sí oko náà, ó ní kí n ka ebè yẹn fún òun lọ́kọ̀ọ̀kan. Mọ́kàndínlógún ni. N kò gbàgbé.

Láti ọjọ́ náà, bí ẹnikẹ́ni bá pe iye kan fún mi, ohun tí mo máa ń bi í ni pé: láti ibo dé ibo? Kí lẹ fi wọ̀n ọ́n?

Ti Albeau, mítà 500 ni. Ìgbìmọ̀ kan wà tó ń jẹ́ World Sailing Speed Record Council, ó ti wà láti 1972, òun ló ń fọwọ́ sí irú eré bẹ́ẹ̀. Wọ́n á ti wọn ibi tí mítà 500 náà ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí sílẹ̀, bí ẹni ti ri píílà. Aago á mú un bó ṣe wọlé, á tún mú un bó ṣe jáde. Bó bá yára láàárín tó wá rọ lápá ìparí, gbogbo rẹ̀ ló máa wọ inú iye tí wọ́n pè. Mo ṣe ìṣirò rẹ̀ sẹ́yìn ìwé ìròyìn yín: ìṣẹ́jú-àáyá 18 ó lé díẹ̀ ló fi lọ láti píílà dé píílà.

Ti Dunkerbeck, GPS, ẹ̀rọ tó ń fi sátẹ́láìtì wọn eré, ló sọ pé ó dé 103.67. Ṣóńṣó eré rẹ̀ nìyẹn. Iṣẹ́ ọkùnrin ni, n kò fojú di í, èmi tí ẹ̀rù ń bà láti gun kẹ̀kẹ́ sọ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ṣùgbọ́n kò gba ohunkóhun lọ́wọ́ Albeau. Ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n wọ̀n.

Oṣù tó kọjá, mo wọ ọkọ̀ ní Mayfair, n'Ifẹ̀ níbí, mò ń lọ wo ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Iléṣà. Awakọ̀ ń fọ́nnu pé mọ́tò òun máa ń dé 140. Ó sì dé e lóòótọ́. Iwájú ni mo jókòó sí, mo rí ọwọ́ aago náà, ó kan 140 bí ẹni fọwọ́ kan iná, ó padà. Lẹ́yìn náà ló dúró l'Òṣú, ó ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà, ó bá onítọ̀hún jà lórí ṣéńjì. Ọ̀nà tí kò ju bíi kìlómítà 30 lọ, wákàtí kan dín ìṣẹ́jú mẹ́jọ la lò. Ẹ bá mi pín in, kò pé 40.

Ẹ tún fi àwọn tó ń gun pátákó yìí ṣe yẹ̀yẹ́ pé wọ́n lọ gbẹ́ kòtò sínú aṣálẹ̀ ní Lüderitz nígbà tí òkun wà nítòsí. Ọmọ ọmọ mi fi fídíò rẹ̀ hàn mí lórí fóònù. Omi tẹ́ẹ́rẹ́ ni, bíi gọ́tà ńlá, iyanrìn ń fò kọjá lórí rẹ̀ bí èéfín. Pátákó tí ọkùnrin náà dúró lé, ìbú rẹ̀ kò ju ìgbọ̀nwọ́ kan lọ. Mo ní kí ọmọ náà dá a dúró kí n wo omi yẹn dáadáa. Ó tẹ́ bí ìkòkò ẹ̀kọ tó ti dì. Ohun tí mo rí nìyẹn tí mo fi pariwo, tí ìyàwó mi sáré jáde látinú ilé ìdáná. Ìgbì òkun, ebè ni! Pátákó tó ń sáré lórí òkun á máa gùn, á máa sọ̀, bíi ṣéènì mi lójú ọ̀nà Oǹdó. Atẹ́gùn tó lágbára tó láti gbé wọn sáré, òun kan náà ló ń kọ ebè sójú omi. Wọ́n wá wá ibi tí atẹ́gùn ti ń gba orí ilẹ̀ bọ̀, wọ́n gbẹ́ omi tóóró síbẹ̀, kó má rí àyè ru ìgbì sókè. Wọ́n ti gbẹ́ irú ẹ̀ rí ní Saintes-Maries-de-la-Mer, ní Faransé. Níbẹ̀ ni Erik Beale ti kọ́kọ́ kọjá nọ́ọ̀tì 40 lọ́dún 1988.

Ẹ ò bá sì ti sọ fún wa pé lọ́dún 1986, Pascal Maka gun irú pátákó yìí ní Fuerteventura, ó sá nọ́ọ̀tì 38.86, ó sì gba ipò ohun onígbòkun tó yára jù láyé lọ́wọ́ ọkọ̀ onígbòkun ńlá kan, Crossbow II, tó ti wà lórí nọ́ọ̀tì 36 láti 1980. Ẹnì kan, pákó kan, aṣọ kan! Ọkọ̀ ti gbà á padà o: Paul Larsen sá nọ́ọ̀tì 65.45 ní Walvis Bay lọ́dún 2012, Nàmíbíà yẹn náà ni. Mítà 500 ni tiẹ̀ náà, ẹ lè yọ iye Albeau kúrò nínú tirẹ̀.

Àwọn tó ń gun pátákó yìí tún máa ń wọ ẹ̀wù tó wúwo kí atẹ́gùn má baà gbé wọn lọ. Ìyàwó mi ní ká fi òun ránṣẹ́ síbẹ̀, ti òun wà lára òun tẹ́lẹ̀.

Ọmọ ọmọ mi ọ̀hún, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, kò gbà pé mítà 500 jìnnà. Láàárọ̀ Sátidé, mo gbé téépù àtijọ́ mi jáde, a wọn ọ̀nà láti ẹnu géètì wa ní Lágere. Ìdí agbada ìyá alákàrà ló parí sí. Ó sá a, mo di aago mú. Ìṣẹ́jú-àáyá 112. Mo sọ fún un pé Albeau ì bá ti lọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹfà. Ó ní kí n bá òun kọ ọ́ sínú lẹ́tà yìí pé ọlọ́kàdà kan ló dí òun lọ́nà.

Èmi ni tiyín,
Bàbá Wọnlẹ̀,
Lágere, Ilé-Ifẹ̀.