Àkànní, Wá Ẹnì Kan Sọ Fún

Bàrígà, Èkó
Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú

Àkànní ọmọ mi, ọkọ mi,

Inú ilé kan náà la jọ ń gbé, síbẹ̀ lẹ́tà ni mo jókòó kọ sí ọ. O mọ bí ọjọ́ mi ṣe rí. Ìdájí ni mo ti ń jáde lọ sí Balógun kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ orí Third Mainland tó bẹ̀rẹ̀, nígbà tí mo bá sì fi máa wọlé lálẹ́, o ti ti ilẹ̀kùn yàrá rẹ. Bí mo bá kan ilẹ̀kùn, wàá ní, "Kò sí nǹkan kan, Mọ́mì." Mo fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí wà lọ́wọ́ rẹ, kí o lè tún un kà nígbà tí mi ò bá sí nílé.

Kì í ṣe torí ṣúgà rẹ ni mo ṣe ń kọ̀wé. O ń ṣe dáadáa níbẹ̀. O ń gún abẹ́rẹ́ rẹ lásìkò, o ń kọ nọ́ńbà sínú ìwé, nọ́ọ̀sì pàápàá yìn ọ́ lójú mi. Ohun tó ń dùn mí ni pé láti ìgbà tí wọ́n ti sọ fún wa pé àtọ̀gbẹ ni, díẹ̀díẹ̀ lo ń yọ ara rẹ kúrò láàárín àwọn èèyàn. Bọ́ọ̀lù lo kọ́kọ́ fi sílẹ̀. Ó kan lẹ́sìn ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí wọ́n ń ṣe ìkómọ nílé ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ ní Muṣin, inú mọ́tò lo jókòó sí títí a fi ṣe tán, torí o ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bi ọ́ ìdí tí o ò fi mu mínírà. Ní báyìí, tí àwọn ọmọ àdúgbò bá ti to òkúta sójú títì ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, tí wọ́n ń gbá mọ́ńkí póòsì, ojú wíńdò lo máa ń dúró sí. Mo máa ń wò ọ́ láti ẹnu ọ̀nà kíṣìnnì. Bí bọ́ọ̀lù bá ti dé ẹsẹ̀ ọmọ tó ń gbá apá òsì, níbi tó jẹ́ ipò tìrẹ tẹ́lẹ̀, ẹsẹ̀ òsì rẹ a mì.

Ọmọ ọdún 15 ni ọ́. Kò sí ohun tó ń dun ọmọ ọdún 15 tó pé kó yàtọ̀ láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, mi ò sì ní sọ fún ọ pé kò yẹ kó dùn ọ́. Ó yẹ kó dùn ọ́.

Ṣùgbọ́n jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ irọ́ kan kalẹ̀ kúrò lórí rẹ. Mo gbọ́ ohun tí tíṣà kan sọ níwájú kíláàsì, pé àjẹjù ṣúgà ló ń fa èyí. Kì í ṣe òótọ́. Irú àtọ̀gbẹ tìrẹ, tí àwọn dókítà ń pè ní type 1, kì í ṣe oúnjẹ ló fà á. Ohun tó yẹ kó máa bá àrùn jà nínú ara rẹ ló kọjú ìjà sí ibi tí ara ti ń ṣe ínsúlínì, nínú ẹ̀yà ara kan tó wà lẹ́yìn àpòlúkù, ó sì bà á jẹ́. Ínsúlínì yìí ló ń jẹ́ kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọnú ara kó di agbára. Tí kò bá sí, èèyàn á jẹun yó, ara á ṣì máa gbẹ. Ìdí nìyẹn tí o fi ń rù nígbà yẹn, tí o ń mu omi tí omi ò tó, tí o ń dìde tọ̀ lóru léraléra. Kì í ṣe búrẹ́dì Agége tí o jẹ. Kì í ṣe aráyé. Kì í ràn, ẹni tó bá fi kọ́ọ̀pù rẹ mu omi ò lè kó o. Àtọ̀gbẹ ti ìyá àgbà tún yàtọ̀: ara tiwọn ṣì ń ṣe ínsúlínì, kò kàn ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ ni, ìyẹn ni wọ́n fi lè máa lo hóró oògùn. Ìwọ ò lè ṣe láìsí abẹ́rẹ́. Torí náà, ẹni yòówù tó bá ní kí o ju abẹ́rẹ́ sílẹ̀ kí òun fún ọ lágbo, kí o dọ̀bálẹ̀, kí o ní "Ẹ ṣé, mà," kí o sì máa bá tìrẹ lọ. Èmi ni màá lọ bá wọn sọ ìyókù.

Nọ́ọ̀sì sọ ìtàn kan fún mi lọ́jọ́ kan tí o wà níbi tí wọ́n ti ń gba ẹ̀jẹ̀ rẹ, mo sì ti kà á fúnra mi lẹ́yìn ìgbà náà. Kí ó tó di ọdún 1922, ọmọ tó bá ní irú èyí kì í pẹ́ láyé. Ní January ọdún yẹn, ní ìlú Toronto ní Kánádà, wọ́n gún ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Leonard Thompson ní ínsúlínì, òun sì ni ẹni àkọ́kọ́. Ọmọ ọdún 14 ni, ó ti gbẹ débi pé kò wọn tó kílò 30. Abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ ò bá a lára mu. Wọ́n tún oògùn náà ṣe, wọ́n gún un lẹ́ẹ̀kan sí i kí oṣù náà tó parí, ara rẹ̀ sì yá. Ó tún gbé ayé fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà. Àkànní, ohun tí ò ń kó wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ilé ìwé lọ gún níkọ̀kọ̀, òun ni àwọn ìyá ṣáájú ọdún yẹn fi omijé bẹ Ọlọ́run fún tí wọn ò rí. Kí ló dé tí ìwọ á fi máa tijú rẹ̀?

Ibi tí ọ̀rọ̀ mi ń lọ rèé. Mo fẹ́ kí o wá ẹnì kan sọ fún. Kì í ṣe gbogbo kíláàsì, kì í ṣe gbogbo àdúgbò. Ẹnì kan nílé ìwé, ẹnì kan ládùúgbò, ó tó.

Ìdí àkọ́kọ́ ni ẹ̀mí rẹ. O mọ bó ṣe ń rí tí ṣúgà bá já sísàlẹ̀ 70 mg/dL lójú ẹ̀rọ. Ọwọ́ á máa gbọ̀n, òógùn tútù á bò ọ́, inú á máa bí ọ láìnídìí. Tó bá tún lọ sílẹ̀ ju ìyẹn lọ, ọ̀rọ̀ á máa lọ́ mọ́ ọ lẹ́nu, o sì lè má rántí pé ṣúgà wà nínú báàgì rẹ. Àsìkò tí o nílò ẹnu rẹ jù lọ ni ẹnu náà máa kọ̀ ọ́. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́: ní tìrẹ, kì í ṣe òwe lásán. Obìnrin kan wà ní Amẹ́ríkà, Sonia Sotomayor, adájọ́ ni ní ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ níbẹ̀ láti ọdún 2009. Ó ti ní irú tìrẹ láti ìgbà tó wà ní kékeré, ìgbà tó jẹ́ pé àga ló ń gùn kó tó lè se abẹ́rẹ́ rẹ̀ lórí sítóòfù kó tó gún ara rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi pa á mọ́ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, títí ṣúgà fi já wálẹ̀ níbi àpèjẹ kan tí àwọn tó yí i ká ò sì mọ ohun tó ń ṣe é. Ẹ̀yìn ìyẹn ló bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún àwọn èèyàn rẹ̀. Mi ò fẹ́ kí ìwọ dúró dìgbà náà.

Ìdí kejì ni pé èèyàn kì í lè sún mọ́ ẹni tó ń fi ara pamọ́. Ọmọ Ìyá Alákàrà ti wá bèèrè rẹ lẹ́nu géètì títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Ó rò pé o ń bínú sí òun ni. Òun náà ń dá wà lápá tiẹ̀, ṣé o mọ̀? Bí mo bá ní kí n yan fún ọ, òun ni màá yàn, torí ọmọ náà kì í sọ ọ̀rọ̀ kiri, mo ti dán an wò.

Bí o ò bá mọ bí wàá ṣe bẹ̀rẹ̀, sọ ọ́ báyìí: "Mo ní àtọ̀gbẹ. Ara mi ò lè ṣe ínsúlínì fúnra rẹ̀, mo máa ń gún un ni. Tí o bá rí i tí mò ń gbọ̀n, tàbí tí mò ń sọ ohun tí kò yé ọ, fún mi ní ṣúgà tó wà nínú àpò iwájú báàgì mi, má sì fi mí sílẹ̀. Tí mo bá dákú, má fi nǹkan kan sí mi lẹ́nu. Pariwo pe àgbà, kí wọ́n gbé mi lọ sí ọsibítù, kí wọ́n pe mọ́mì mi." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kọ́ ọ pé ṣúgà oníhóró mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni, tàbí ìdajì kọ́ọ̀pù mínírà gidi, kí ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 15, kí o tún un wò.

Ó lè bi ọ́ ní ìbéèrè tó jọ ti òmùgọ̀. Dá a lóhùn. Ẹlòmíràn lè fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́, ìyẹn náà ń ṣẹlẹ̀. Èyí tó máa ń rẹ èèyàn jù, lójú tèmi, ni àwọn tí á máa pe "pẹ̀lẹ́, pẹ̀lẹ́" tẹ̀ lé ọ kiri bí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. O ò jẹ àwọn yẹn ní àlàyé kankan. Níbi òde, bí wọ́n bá gbé mínírà dé ọ̀dọ̀ rẹ, "Omi ni mo fẹ́, ẹ ṣé." Ó parí. Jẹ oúnjẹ òde rẹ, fùfú kékeré, ẹ̀fọ́ àti ẹja dáadáa, kí o jókòó láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ. Kò sẹ́ni tó ń ka òkèlè rẹ bí o ṣe rò.

Padà sídìí bọ́ọ̀lù. Dókítà ò fìgbà kan sọ pé kí o má gbá a. Wo ṣúgà rẹ kí o tó jáde, jẹ nǹkan díẹ̀ tó bá ti fẹ́ wálẹ̀, fi ṣúgà oníhóró sápò ṣòkòtò, kí o tún wò ó kí o tó sùn, torí eré ìrọ̀lẹ́ lè fa ṣúgà wálẹ̀ lóru. Ọjọ́ tó bá lọ sókè jù tí ara rẹ ò sì dá, jókòó lọ́jọ́ yẹn. Ọjọ́ yẹn nìkan.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù tó wúwo lọ́kàn mi ju gbogbo èyí lọ. Ìgò ínsúlínì tó kọjá pẹ́ nínú fíríìjì ju bó ṣe yẹ lọ. Mo gbé e sókè síná, mo wo ibi tó kù dé. Mo tún rántí pé ní alẹ́ tí èmi àti bàbá rẹ ń sọ̀rọ̀ owó oògùn ní pálọ̀, mo gbọ́ tí ilẹ̀kùn rẹ dún. Àkànní, ṣé o ń dín abẹ́rẹ́ rẹ kù kí owó má bàa wọ́n wa? Bí bẹ́ẹ̀ bá ni, jọ̀ọ́, mo fi ọmú tí o mu bẹ̀ ọ́, kó dópin lónìí. Ínsúlínì tí kò tó lè gbé ọmọ dé ibi tí owó kankan ò ní lè dá a padà. Ìgò tí a bá sì ti ṣí, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni, ká jù ú nù, ì báà ṣẹ́ kù sínú rẹ̀. Owó jẹ́ ọ̀rọ̀ èmi àti bàbá rẹ. A máa ń jiyàn lórí rẹ̀, bí a ṣe ń jiyàn lórí owó ilé àti owó epo jẹnẹrétọ̀, ìyẹn ò sọ ọ́ di ẹrù lọ́rùn wa. Bí NEPA bá mú iná lọ, ìkòkò amọ̀ tí bàbá rẹ rì sínú iyanrìn tútù wà lẹ́yìnkùlé. A ti ṣètò. Ọmọ wa ni ọ́, ọmọ la sì fẹ́ kí o máa ṣe.

Lọ́jọ́ kíníìkì ní Ìdí-Àràbà, ọmọbìnrin kan jókòó sí bẹ́ǹṣì tó kọjú sí wa, ó mú ẹ̀rọ rẹ̀ jáde, ó gún ìka, ó wo nọ́ńbà, ó ń bá ọmọkùnrin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣeré lọ láìdáwọ́ dúró. Mo rí i bí o ṣe ń wò wọ́n. Ìwọ lo máa kọ́kọ́ kí wọn ní ọjọ́ tó ń bọ̀. Ohun tí kò lè yé èmi láéláé, bí mo ti wù kí n fẹ́ràn rẹ tó, á yé àwọn yẹn kí o tó sọ ọ́ tán.

Bí ìbànújẹ́ bá wá pọ̀ lóru, tí ọkàn rẹ ń sọ fún ọ pé kí lo tilẹ̀ ń gbé ayé fún, jí mi. Má wo aago. Má sọ pé ó rẹ̀ mí. Dókítà rẹ náà gbọ́dọ̀ gbọ́, torí wọ́n ń tọ́jú ìyẹn bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ṣúgà, ó sì wọ́pọ̀ láàárín àwọn ọmọ tó ní àtọ̀gbẹ.

Ọjọ́ Sátidé tó ń bọ̀, mi ò ní lọ sọ́jà. Mo fẹ́ se ẹ̀wà àti ata díndín, pẹ̀lú ẹja ṣáwá. Pe ọmọ Ìyá Alákàrà wá, tàbí ẹlòmíràn tí ọkàn rẹ bá yàn, kí ẹ jọ jẹun nílé wa. Èmi àti bàbá rẹ á wà lẹ́yìnkùlé, a ò ní dá sí ọ̀rọ̀ yín. Sọ fún mi kó tó di ọjọ́ Ẹtì, kí n lè mọ ìwọ̀n ẹ̀wà tí màá ṣà.

Èmi ni,
Ìyá rẹ