Alága ìkórè àti ìwé tí mo fọwọ́ sí

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Mo ti ka lẹ́tà àwọn òǹkàwé yín tí wọ́n ń bá àwọn pásítọ̀ wí pé wọn kò lè sọ òtítọ́ lójú olówó. Òótọ́ ni wọ́n wí, ṣùgbọ́n wọ́n yọ àwa alàgbà tí a ń jókòó nínú ìgbìmọ̀ ìjọ sílẹ̀, ìdí sì nìyẹn tí mo fi mú kálàmù.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ní Iléṣà níhìn-ín, ìgbìmọ̀ ìkórè ìjọ wa, tí èmi náà wà nínú rẹ̀, mú ọkùnrin kan ní alága ọjọ́ náà, nítorí ó ṣèlérí pé òun yóò bá wa pààrọ̀ òrùlé tó ń jò. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tó lè sọ iṣẹ́ tí ọkùnrin náà ń ṣe. Nígbà tí pásítọ̀ wa gbọ́, ó ní kí ó máa bọ̀ wá sìn bí gbogbo ènìyàn, ṣùgbọ́n òun kò ní gbé e sórí àga ọlá lójú àwọn ọ̀dọ́ tí òun ń kọ́ pé kí wọ́n máa jẹ òógùn ojú wọn. Kò pariwo, kò sì bú ẹnikẹ́ni lórí pẹpẹ. A bínú gidigidi. A ní alágídí ni; kí oṣù mẹ́ta tó pé, a ti kọ ìwé sókè pé kí wọ́n gbé e kúrò, wọ́n sì gbé e lọ sí abúlé tí ọkọ̀ kì í fẹ́ dé nígbà òjò. Mo fọwọ́ sí ìwé náà.

Ìlú tí a ti ṣe èyí ni ìlú tí ìsọjí bẹ́ sílẹ̀ ní Òkè-Ooye ní oṣù Keje ọdún 1930. Kì í sú wa láti máa sọ bí Joseph Ayọ̀ Babalọlá, wòlíì tí Ọlọ́run lò nínú ìsọjí náà, ṣe ń wa ẹ̀rọ tí ń tẹ ọ̀nà fún ìjọba lójú ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́ ní 1928, tó gbọ́ ìpè, tó sì fi iṣẹ́ olówó oṣù sílẹ̀, àti bí ó ṣe ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà ní Benin ní 1932. À ń pàtẹ́wọ́ fún un. Bí ó bá jẹ́ ìjọ tiwa ni wọ́n rán an wá lónìí, n kò rò pé ọdún kan yóò pé kí a tó kọ ìwé lé e lórí.

Ọba Sọ́ọ̀lù jẹ́wọ́ fún Sámúẹ́lì pé ìbẹ̀rù àwọn ènìyàn ló mú òun kọjá àṣẹ Olúwa. Ọba nìkan la máa ń dá lẹ́bi. Ta ní ń bèèrè ohun tí àwọn ènìyàn náà ṣe tí ó fi bẹ̀rù wọn? Pásítọ̀ tó ń gbé ilé ìjọ, tí owó ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ ń ti ọwọ́ wa jáde, kò ṣòro láti dẹ́rù bà. Èmi kò fi èyí gbèjà ẹni tó bá yẹsẹ̀, nítorí tiwa kò yẹsẹ̀.

Ìkórè tún ti sún mọ́lé, orúkọ ọkùnrin kan náà ni wọ́n sì kọ́kọ́ dá ní ìpàdé wa tó kọjá. Mo ní n kò fara mọ́ ọn. Ẹnì kan ṣoṣo ló gbè mí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi tẹ lẹ́tà yìí jáde, bóyá pásítọ̀ náà á rí i níbi tó wà, kí ó lè mọ̀ pé ọ̀kan nínú àwọn tó fọwọ́ sí ìwé ọjọ́sí ń tọrọ àforíjì.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Alàgbà ìjọ kan,
Iléṣà.